Ìdákẹ́jẹ́ Ìbákà

Orin ni wọ́n fi ń wọn àkókò ní ilé búrẹ́dì yẹn, wọn kì í wo aago. Aago wà lára ògiri o, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eruku ìyẹ̀fun ti bo ojú rẹ̀ débi pé òun nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Ìyá Àgbà, tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ fìgbà kan mọ iṣẹ́ tí ọ̀pá gígùn ń ṣe yàtọ̀ sí ti kúkúrú. Ohun tó mọ̀ ni pé tí wọ́n bá da ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n, tí wọ́n fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n fi yíìsì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, tí ẹni tó ń pò ó bá kọ orin pípò nígbà méje láìsinmi, ìyẹ̀fun ti kúnná nìyẹn. Bó bá kọ ọ́ nígbà márùn-ún, kò tíì kúnná. Bó bá kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, ó ti kọjá ààlà, yóò le bí awọ. Orin náà kò ju báyìí lọ:

*Pò ó sọ́tùn-ún, pò ó sósì,*
*Ọwọ́ kì í rẹ ẹni tó ń retí oúnjẹ.*
*Ọba tó mú àlìkámà hù nínú ilẹ̀,*
*Òun ló mọ ẹnu tí yóò jẹ ẹ́.*

Ìyá Àgbà ló kọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìbákà, nítorí ohùn rẹ̀. Ìyá tó bí i ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ló sì ti dàgbà, ní yàrá kan náà, lórí ibùsùn kan náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún báyìí, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, apá rẹ̀ sì le bí ọmọ odó. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ohùn rẹ̀ á gba ojú fèrèsé jáde, á rìn ní títì, àwọn tó ń fọ ẹnu lẹ́nu ọ̀nà wọn á sì mọ̀ pé àkọ́yọ búrẹ́dì ọjọ́ náà kò ní í pẹ́ jáde.

Bàbá Ìbákà ló ń dúró nídìí ààrò. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kì í sì í dúdú kó tó di ọ̀sán nítorí ìyẹ̀fun. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kéwú lórí ẹní kan náà láti kékeré. Oníyẹ̀fun ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà. Òun ló ní ẹ̀rọ tó ń lọ àlìkámà, ọkọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń já àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀ nílé búrẹ́dì. Ní ọjọ́ Ajé kan, Oníyẹ̀fun tẹ̀ lé ọkọ̀ náà wá fúnra rẹ̀. Ó dúró nídìí ààrò títí ó fi làágùn, kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ mi ọkùnrin ti tó gbéyàwó. Ìbákà ló ń wù mí fún un."

Bàbá Ìbákà gbé ọ̀pá tó fi ń kó búrẹ́dì nínú ààrò sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí nu ọwọ́ kó tó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Ó ti di tìẹ," ló wí. "Kí ló kù tí màá fi dù ọ́?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni burúkú kan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Lemọ́mù mọ́sáláásí àdúgbò náà ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: kì í so yìgì kankan láìjẹ́ pé wọ́n ti bi ọmọbìnrin náà. Bàbá Ìbákà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi bi í. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá bi í, ọ̀rọ̀ mi á dà bí ti ẹni tó ń béèrè iye àpò tó kù."

Ìyá Àgbà pe Ìbákà sínú yàrá ìyẹ̀fun lọ́jọ́ kejì, láàárín àwọn àpò tí wọ́n tò dé òkè àjà. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó jókòó.

"Ìbákà mi, ọmọ Oníyẹ̀fun ń bọ̀ wá fẹ́ ọ. Ọmọ dáadáa ni. Kì í mu sìgá, kì í pariwo, ó ń wa ọkọ̀ ńlá láìgbá ẹnikẹ́ni, kì í sì í jẹ́ kí ìrun kọjá rẹ̀. Bàbá ẹ ti gbà, èmi náà ti gbà. Kí lo wí?"

Ìbákà kò wí nǹkan kan. Ó ń fi àtàǹpàkò kan ha ìyẹ̀fun tó ti gbẹ mọ́ ara àtàǹpàkò kejì. Ó ha á, ó tún ha á.

Ìyá Àgbà wo orí tó tẹ̀ba náà, ọkàn rẹ̀ sì fò padà sẹ́yìn ní àádọ́ta ọdún. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló wá bi òun náà nígbà náà. Ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ fún un jẹ́ ẹni tó máa ń ru igi ààrò kọjá lójú fèrèsé wọn, ó sì ti tó ọdún méjì tí Ìyá Àgbà ti ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé bí ìgbà tí wọ́n fi oyin lẹ̀ ẹ́. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀ ló dí i lọ́fun. Àbúrò bàbá rẹ̀ jáde síta, ó ní, "Ó dákẹ́, ó ti gbà," òótọ́ pọ́ńbélé sì ni.

Nítorí náà, nígbà tí Ìbákà dákẹ́, oyin ni Ìyá Àgbà rí. Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò nídìí aṣọ, ó sì ti ń jó kó tó dé ẹnu ọ̀nà:

*Mo bi í, kò wí,*
*Ojú ń tì í, kò wí.*
*Ẹ má retí ariwo lẹ́nu ìyàwó,*
*Ìdákẹ́ ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.*

Bàbá Ìbákà rẹ́rìn-ín nídìí ààrò, ó ní, "Alaamudulilai." Kí ọjọ́ tó kanrí, ó ti sọ fún Oníyẹ̀fun. Lẹ́yìn ìrun Àílà, ó sọ fún Lemọ́mù lójú gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti gbà, ìyá òun ló bi í. Wọ́n fi yìgì sí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Láti ọjọ́ kejì, orin dúró nílé búrẹ́dì. Ìbákà ń wá síbi iṣẹ́ lásìkò. Ó ń da ìyẹ̀fun, ó ń bu omi, ó ń pò ó. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà ní ìyàwó ń rò ni, ẹ jẹ́ kó rò. Ó fa àpótí sún mọ́ ọpọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí arúgbó kò dà bí ti ọ̀dọ́. Á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á wúkọ́, á mu omi, á wá gbàgbé bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ kìíní, búrẹ́dì náà jáde, kò wú. Ọjọ́ kejì, ó wú lápá kan. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Tíṣà, aládùúgbò wọn, dé.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Ó gbé búrẹ́dì ọjọ́ tó kọjá sórí tábìlì, ó sì dún *gbì*.

"Ìyá, mo wá dá ohun tó bọ́ lára ilé yín padà. Mo rò pé bíríkì ni."

"Tíṣà, eyín yín ló ti rẹ̀."

"Eyín wo? Eyín mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mo fi búrẹ́dì yìí ti ilẹ̀kùn lánàá, afẹ́fẹ́ jà, kò mì."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ẹ wò ó, ibo ni ọmọ yẹn gbé orin rẹ̀ lọ? Orin yẹn ni mo fi ń jí. Bí ọmọdé bá ń ṣàìsàn, a máa ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Èyí, ńṣe ni ilé yín dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde."

Ó ra búrẹ́dì mìíràn, ó sì lọ. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń wo ibi tí búrẹ́dì líle náà dúró sí, ọkàn rẹ̀ sì lọ sórí bàtà pupa kan. Nígbà tí Ìbákà wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, bàbá rẹ̀ ra bàtà náà wálé. Ọmọ náà kò sunkún, kò jà. Ó kàn dákẹ́ ni, odindi ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n fi rò pé ibà ló fẹ́ ṣe é. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbé bàtà náà fún ọmọ ẹlòmíràn, ẹnu ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orin sì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì. Tí Ìbákà bá fẹ́ nǹkan, á fi orin béèrè. Tí kò bá fẹ́, á dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó òun Ìyá Àgbà, òun gan-an ló sì jó jáde nínú yàrá ìyẹ̀fun.

"Áà," ló sọ fún ara rẹ̀. "Ìdákẹ́ tèmi ni mo kà sí i lọ́rùn."

Lẹ́yìn ìrun Alaasari, ó bá Ìbákà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ha agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Ó jókòó, ó mú agolo kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó tó agolo mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìbákà. Lọ́jọ́ yẹn nínú yàrá ìyẹ̀fun, ṣé mo bi ọ́ ni àbí mo sọ fún ọ?"

"Ẹ sọ fún mi ni, Ìyá Àgbà."

"Tí mo bá wá bi ọ́ nísinsìnyí ńkọ́?"

Agolo méjì tún kọjá. "Kò wù mí."

"Ṣé ẹlòmíràn wà tó wù ọ́?"

"Kò sí."

"Kí ni ọmọ náà ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń kí mi dáadáa. Ṣé ó dìgbà tó bá ṣe mí ní nǹkan kí n tó lè ní kò wù mí?"

Ìyá Àgbà mú agolo mìíràn. A kì í bi ọ̀nà ọ̀fun léèrè ìdí tí kò fi gbé òkèlè mì. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà yẹn?"

"Ẹ ti ń jó kí n tó rí ẹnu là."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà kó tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò pé lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ nu ojú, èéfín ara agolo sì kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, ọ̀túnla sì ni Jímọ̀ tí wọ́n fi yìgì sí. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ nídìí ààrò, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá Ìbákà gbọ́ ọ dópin, ó sì tún ń to igi.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó gbà."

"Èmi ni. Mo ṣì í sọ."

"Mo ti fún ọ̀rẹ́ mi lọ́rọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Ẹyin ta lo fi ta á lọ́rẹ, ọmọ mi?"

Bàbá Ìbákà ti igi kan sínú ààrò. Ó ní, "Ìfẹ́ á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin àti Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹ kò fẹ́ràn ara yín dọjọ́ ikú?"

"Èmi ti fẹ́ bàbá ẹ kí wọ́n tó bi mí. Ìyẹn ló ṣì mí lọ́nà."

"Lemọ́mù fúnra rẹ̀ ló ń kà á fún wa pé ìdákẹ́ wúńdíá ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n bi í, ó dákẹ́. Ó parí." Ó ti ilẹ̀kùn ààrò. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ má sọ ọ́ níta."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Bó bá jẹ́ ìkà èèyàn ni, Ìyá Àgbà mọ bí wọ́n ti ń pariwo lé ìkà lórí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin rẹ̀ yìí ló fi ṣíbí bọ́ ọ fún oṣù méjì nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọ. Òun náà ló ń fi àkọ́yọ gbígbóná sọ́wọ́ afọ́jú tó ń kọjá láràárọ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Èèyàn dáadáa lè fi ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó má sì mọ̀ pé òun mú nǹkan. Ta ni yóò sọ fún un, bí kì í bá ṣe ẹni tó bí i?

Ó so ìborùn rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ Lemọ́mù lọ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Lemọ́mù ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí àbàwọ́n òróró wà ní gbogbo ara ògiri rẹ̀. Ó so jígí ojú rẹ̀ mọ́ okùn dúdú kan lọ́rùn. Ó gbé ìdí ẹ̀rọ kan sókè, ó ń wo abẹ́ rẹ̀, nígbà tí Ìyá Àgbà sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Ìyá," ni Lemọ́mù wí, "ẹnu ẹnì kan ni mo gbọ́ yìí. Mi ò ní í fi ẹnu ẹnì kan dájọ́. Bàbá ọmọ náà yóò sọ tirẹ̀ lójú mi, ọmọ náà yóò sì sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tí ẹ bi mí nípa ìdákẹ́."

Ó yọ jígí rẹ̀. "Ojú máa ń ti ọmọbìnrin láti la ẹnu sọ pé òun ń fẹ́ ọkùnrin. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló fi ní ìdákẹ́ rẹ̀ tó. Aṣọ ìbora ni wọ́n fi fún un, kó fi bo ìtìjú rẹ̀. Àwa wá mú aṣọ ìbora, a rán an di àpò, a sì ń fi di èèyàn lọ sílé ọkọ. Ọmọbìnrin kan lọ bá Ànọ́bì kan náà pé bàbá òun fi òun fọ́kọ tí òun kò fẹ́. Kò ní kó lọ fara dà á. Ó fi í sílẹ̀ kó yan èyí tó bá fẹ́, kó dúró tàbí kó má dúró. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bàbá kò lè fi tọrẹ."

"Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ rán àpò náà. Èmi kì í ṣe ọkùnrin."

"Ẹ̀yin lẹ di ẹnu àpò, Ìyá."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún dé egungun. "Ojú á ti ọmọ mi, Lemọ́mù. Ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú ìjọ."

"Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Àlùkùránì pé kí àwa tí a gbàgbọ́ dúró ṣinṣin lórí ẹ̀tọ́, kí á jẹ́ ẹlẹ́rìí nítorí Òun, kódà bó bá lòdì sí ara wa, tàbí sí òbí wa, tàbí sí ẹbí."

"Kò yọ ìyá arúgbó sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Mo ti wá a," ni Lemọ́mù wí. "Kò yọ ọ́ sílẹ̀." Ó tún jígí rẹ̀ fi sójú. "Lójú ìjọ ni wọ́n ti sọ ẹ̀rí yín. Ibi tí ẹ̀rí bá ti bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ yín pé ẹ ń bọ̀ wá sọ ọ́. Òun náà ní ẹ̀tọ́. Kò tọ́ kó jẹ́ àárín èèyàn ló ti máa gbọ́."

Ó sọ fún un lọ́jọ́bọ̀. Bàbá Ìbákà ń kó búrẹ́dì sínú apẹ̀rẹ̀, kò sì gbójú sókè.

"Ẹ ò ní í ṣe é, Ìyá."

"Màá ṣe é."

"Èmi ọmọ yín?"

"Ìwọ ọmọ mi. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni, màá ti sùn nílé."

Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, àwọn tó ń bọ̀ wá síbi yìgì jókòó síbi tí wọ́n wà. Oníyẹ̀fun wọ aṣọ funfun, ọmọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gé irun, ó sì ń fi ọwọ́ nu orúnkún bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ìbákà wà nílé búrẹ́dì, òpópónà méjì sí ibẹ̀.

Lemọ́mù béèrè bí ó ti máa ń béèrè. "Ṣé ọmọ gbà?"

Bàbá Ìbákà gbé orí sókè. Àwọn tó wà níwájú rí i pé ó wo ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá mi ló bi í. Ìyá mi ní ó gbà."

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ó rò ó pé ọmọ òun ti fi ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ ní ṣíṣí, bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ó di èjìká obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó dìde, ó sì fa aṣọ ìkélé sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí ojú rẹ̀ fi yọ.

"Èmi ni wọ́n ń sọ," ló wí. "Mo wá jẹ́rìí lòdì sí ara mi. Mo ní ọmọ náà gbà. Kò gbà. Ó dákẹ́, mo sì mọ̀ láti kékeré rẹ̀ pé tó bá dákẹ́, ó kọ̀ nìyẹn. Inú mi ló dùn jù, mi ò dúró gbọ́. Mo ti padà bi í dáadáa. Ó ní kò wu òun."

Ariwo sọ nínú ilé. Oníyẹ̀fun yí orí padà. "Ìyá, ṣé ẹ̀sín lẹ fi mí ṣe?"

"Èmi ni mo fi yín ṣe é. Ẹ má bínú sí ọmọ náà, ẹ má bínú sí ọ̀rẹ́ yín. Èmi ni kí ẹ bínú sí."

Bàbá kan láti ẹ̀yìn ní, "Bí gbogbo ọmọbìnrin bá ń mú èyí tó wù ú, ta ni yóò wá fẹ́ ti ilé mi?"

"Ẹnikẹ́ni kò kúkú tíì wá," ni ẹlòmíràn dá a lóhùn, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọmọ Oníyẹ̀fun ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó wù mí o. Mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé inú ilé tí èèyàn ti ń dákẹ́ fún mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Lemọ́mù gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí bàbá ọmọ náà lọ bi ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e láti gbọ́, kí gbogbo àwọn yòókù jókòó. Bàbá Ìbákà dìde. Ó rìn jáde bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí láìsọ fún un. Ìyá Àgbà wọ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ìbákà wà nídìí ọpọ́n nígbà tí wọ́n wọlé. Àwọn ọkùnrin méjì náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ wò yíká, ó rí àpò ìyẹ̀fun kan nílẹ̀, ó sì jókòó lé e, tó fi jẹ́ pé òun ló ń gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Ìbákà, mo ti fi ọ́ fún wọn láìbi ọ́. Mo ń bi ọ́ báyìí. Ohun tí o bá sọ ni màá lọ sọ fún wọn. Ṣé o fẹ́ ọmọ Oníyẹ̀fun?"

Ìbákà dákẹ́.

Ìyá Àgbà rí ìdákẹ́ náà tó bọ́ sáàárín wọn. Bí bàbá náà bá fẹ́, ó lè mú un báyìí, kó fi hàn àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó ní ẹ rí i bí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti wú ikọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbákà kò dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì ń dúró, bí ẹni tó mọ̀ pé ìyẹ̀fun kì í gbọ́ ìkánjú. Eṣinṣin kan yí ọpọ́n po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣì ń dúró.

"Mi ò fẹ́ ẹ, Bàbá," ni Ìbákà wí. "Ẹ má bínú."

"Ó dáa," ló wí. Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. "Ó dáa."

Ìyá Àgbà bá a padà sí mọ́sáláásí. Bàbá Ìbákà kò jókòó. Iwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dúró sí. "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ mi kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fún ọ lọ́jọ́sí, kì í ṣe tèmi. Ohun olóhun ni mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Dárí jì mí."

Oníyẹ̀fun dìde. Ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde láì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó bọ Bàbá Ìbákà lọ́wọ́, ó tẹrí ba fún Ìyá Àgbà, kó tó sáré bá bàbá rẹ̀.

Ìyá Àgbà àti Bàbá Ìbákà jọ gba ọ̀nà ilé nínú oòrùn. Ọmọ wà níwájú, ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti kọjá ìlà ṣọ́ọ̀bù kan gbáko kí ọmọ tó sọ̀rọ̀, kò sì wẹ̀yìn.

"Mo ń bínú sí yín o, Ìyá."

"Bínú, ọmọ mi. Ìyẹn náà, ẹ̀tọ́ rẹ ni."

"Bóyá màá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Àmọ́ bó bá tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ, bínú."

Ó tún rìn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí gọ́tà ti ya títì, ó dúró, ó na apá rẹ̀ sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà sì dì í mú. Nígbà tí wọ́n sọdá tán, kò gba apá rẹ̀ padà, ó sì dín ìrìn rẹ̀ kù.